Irin Tó Ti Fò Rí

    

Ọ̀rọ̀ bàálù ogun ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ọjà Òwódé Onírin ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rajà ní Òwódé rí mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tó ń ta irin níbẹ̀ kì í fi ojú lásán wo irin. Wọ́n á gbé e wò bóyá ó wúwo, wọ́n á yí i po, wọ́n á fi òòlù gbá a kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á fi máńgẹ́ẹ̀tì kàn án. Bí máńgẹ́ẹ̀tì ò bá fà á, wọ́n ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, owó tiẹ̀ sì yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bi ẹni tó gbé e wá pé: "Ara kí lẹ ti tú èyí? Níbo lẹ ti rí i?" Torí kí wọ́n má baà ra ẹrù olè ni wọ́n ṣe ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn tó ń tọ́jú mùsíọ́ọ̀mù máa ń bi irin. Ní Òwódé, tí ìdáhùn bá ti tẹ́ oníṣòwò lọ́rùn, irin á gorí òṣùwọ̀n, ó di kílò mélòó kan, ìtàn rẹ̀ parí síbẹ̀. Ní mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n á kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, irin ò sì ní lọ síbì kankan mọ́.

Mùsíọ́ọ̀mù tí mo ní lọ́kàn wà ní Hendon, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi kan tó ń gbé ìtòsí ibẹ̀ ló mú mi lọ, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Northern Line, ẹ ó sọ̀ ní Colindale, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ ti dé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. RAF Museum ni wọ́n ń pè é, mùsíọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1972 ni Ọbabìnrin Elizabeth ṣí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí ti lókìkí tipẹ́tipẹ́ kó tó dìgbà náà. Ọdún 1911 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Claude Grahame-White sọ ibẹ̀ di pápá bàálù tirẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni bàálù kó lẹ́tà láti Hendon lọ sí Windsor, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa fọwọ́ sí i pé kí bàálù ru lẹ́tà. Nígbà tó yá, pápá náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun.

Lónìí, ilé ló kún orí ọ̀pọ̀ nínú pápá ọ̀hún. Wọ́n kọ́ ilé ìjọba lọ rẹpẹtẹ síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọkùnrin yẹn pe àdúgbò náà ní Grahame Park. Níbi tí bàálù ti ń sáré gbéra nígbà kan, aṣọ ni wọ́n ń sá síbẹ̀ báyìí, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi tọrẹ. Ó wọ́n ju ilẹ̀ Mágódò lọ fíìfíì. Síbẹ̀, wọ́n yọ igun kan sọ́tọ̀, wọ́n ní a ò ní fi ìyí kọ́lé, a ò ní fi ṣe ọjà. Lójú tèmi, igun ilẹ̀ yẹn tóbi lọ́lá ju gbogbo bàálù tó ń dán gbinrin nínú ilé lọ.

Bàálù tó wà nínú àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyẹn pọ̀, n kò ní kà wọ́n tán fún yín. Lancaster kan wà níbẹ̀ tó ti lọ sójú ogun nígbà 137 tó sì ń padà wálé. Wọ́n kọ ìlérí asán tí Göring, ọ̀gá àwọn ológun òfurufú Jámánì, ṣe sí imú rẹ̀, pé bàálù ọ̀tá kankan ò ní fò kọjá lórí ilẹ̀ àwọn. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ohun tó ń fò kọjá náà gan-an. Ẹ ò rí i pé ẹ̀fẹ̀ kì í tán lẹ́nu sójà.

Èyí tó dá mi dúró kò jìnnà síbẹ̀. Halifax ni wọ́n ń pè é, bàálù ajubọ́ǹbù tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin ọdún 1942, ó gbéra láti Scotland, ó forí lé Norway, ó fẹ́ lọ ju bọ́ǹbù sórí Tirpitz, ọkọ̀ ojú omi ogun ńlá tí àwọn Jámánì fi pamọ́ sáàárín òkè àti omi níbẹ̀. Ìbọn àwọn Jámánì bà á, iná mú ìyẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ rí i pé kò lè délé mọ́. Ó rí adágún omi kan nísàlẹ̀, Hoklingen lorúkọ rẹ̀, òtútù ti mú kó dì gbagidi, ló bá fi ikùn bàálù gúnlẹ̀ sórí yìnyín. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè. Ẹnìkan fẹsẹ̀ ṣẹ́, ọwọ́ àwọn Jámánì tẹ ìyẹn. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù títí wọ́n fi dé Sweden. Kò pẹ́ tí wọ́n kúrò níbẹ̀ tí yìnyín fi là lábẹ́ bàálù, tó rì lọ sísàlẹ̀ omi. Ọdún 1973 ni àwọn òmùwẹ̀ tó lọ fà á jáde, lẹ́yìn ọdún 31.

Wàyí o, kí ni wọ́n ṣe sí i? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn ò ṣe. Wọn ò kùn ún. Wọn ò fi páànù tuntun pààrọ̀ awọ ara rẹ̀ tó ti jẹrà. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ẹ sí náà ló wà, ìpẹtà ti mú un káàkiri, egungun inú rẹ̀ yọ síta bí ẹja gbígbẹ tí ológbò ti dé ìdí rẹ̀. Ẹ lè rí àwọn ihò ara rẹ̀, ẹ lè rí ibi tí awakọ̀ jókòó sí lóru ọjọ́ yẹn. Ọmọ àbúrò mi, èyí tó kéré jù nínú wọn, dì mí lápá mú, ó ní, "Bàbá Kétu, ṣé wọn ò lówó tí wọ́n máa fi tún un ṣe ni?" Mo ní wọ́n lówó o. Mo ní tí wọ́n bá kùn ún, ó máa di bàálù tuntun, bàálù tuntun ò sì mọ nǹkan kan nípa Norway. Ọmọ náà wò mí, ó tún wo bàálù, ó ní òun ṣì rò pé ó yẹ kí wọ́n kùn ún. Ó ti ní èrò tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, ẹnìkan ì bá ti fi ọ̀dà àwọ̀ ewé àti funfun kùn ún dáadáa kí wọ́n tó pe gómìnà wá gé rìbọ́ọ̀nù.

Ìdí tí mo fi dúró pẹ́ lẹ́bàá Halifax yẹn ju ọ̀rọ̀ ìpẹtà lọ. Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó fi irú bàálù bẹ́ẹ̀ jagun. Akin Shenbanjo lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan tó ń jẹ́ 76 Squadron ló wà, ní agbègbè Yorkshire. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò, òyìnbó ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣeré lára bàálù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sí imú Halifax wọn pé Achtung! The Black Prince. Èdè Jámánì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, bí ìgbà téèyàn bá ké pé ẹ yàgò, ẹ ṣọ́ra. Ìyókù ni pé ọmọ ọba adúláwọ̀ ló ń bọ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Káàárọ̀-oò-jíire, tó wà lókè réré nínú òkùnkùn lórí ilẹ̀ Jámánì, tí ìbọn ń dún lábẹ́ rẹ̀, tí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sì wà lára irin níwájú.

Ẹ má sì rò pé ìrọ̀rùn ni wọ́n fi gba irú wọn wọlé. Kí ogun Hítílà tó bẹ́ sílẹ̀, ohun tó wà nínú òfin wọn ni pé ẹni tí kì í bá ṣe òyìnbó pọ́ńbélé ò lè di ọ́fíísà láàárín wọn. Oṣù kẹwàá ọdún 1939, nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ pé èèyàn máa kú, ni wọ́n tó gbé òfin náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó jókòó sídìí àmàlà kì í rántí aládùúgbò, àfi tí iná bá mú òrùlé. Láti erékùṣù Caribbean, àwọn bí 500 ló wọ bàálù jagun fún wọn. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 50 ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyẹn ni Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó. Oníṣòwò tó rí já jẹ ni bàbá rẹ̀. Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Nígbà ogun, Adéníyì di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gboyè awakọ̀ òfurufú nínú RAF. Ìjàm̀bá bàálù ló pa á ní January 1945, nígbà tí ogun ku oṣù díẹ̀ kó parí. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal láti orí gólì dé orí bẹ́ǹṣì. N kò bá yín wí o. Ta ló sọ fún yín?

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wàyí, ká bọ̀ wálé. Ìtàn tó wà lára àwọn bàálù Hendon yẹn, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá.

Lọ́dún 1940, nígbà tí Ítálì kó sógun lẹ́yìn Hítílà, ojú omi Mẹditaréníà di ibi ewu. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íjíbítì, wọ́n ń retí bàálù, bàálù ò sì rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ni wọ́n bá rántí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń di bàálù sínú àpótí pákó, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Takoradi ní Gánà, tí wọ́n ń pè ní Góòlù Kóòsì nígbà náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to ìyẹ́ mọ́ ara, tí wọ́n ń de ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni bàálù á gbéra. Níbo ni wọ́n á kọ́kọ́ bà sí? Èkó ni. Láti Èkó, ó di Kánò. Láti Kánò, ó di Máídúgùrì, ó di Fort Lamy tí à ń pè ní N'Djamena lónìí, ó di Sudan, títí wọ́n fi dé Íjíbítì. Ìrìn àjò tó sún mọ́ 3,700 máìlì ni, ọjọ́ mélòó kan ló sì ń gbà wọ́n.

Àwọn àkọ́kọ́ gbéra ní Takoradi ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 1940: Hurricane mẹ́fà, pẹ̀lú bàálù Blenheim kan tó ń ṣíwájú. Hurricane ò gbà ju ẹnìkan ṣoṣo lọ, ẹ́ńjìnnì kan ló ní, kò sì sí ẹni tó máa bá awakọ̀ wo máàpù. Ẹni tó ṣíwájú nínú Blenheim ló ń mú wọn mọ̀nà. Tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ẹni tí ojú rẹ̀ bá kúrò lára Blenheim ti ṣìnà nìyẹn, aṣálẹ̀ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Eruku ọyẹ́ tó ń mú wa wúkọ́ ní Kétu lóṣù Kejìlá yẹn náà ló ń wọnú ẹ́ńjìnnì wọn, tó ń jẹ ẹ́ láti inú. Kí ogun tó parí, bàálù tó gba ọ̀nà yẹn kọjá ju 4,000 lọ. Torí náà, bí ẹ bá dúró níwájú Hurricane tó wà ní Hendon, irú èyí tó ń bà l'Ékòó gan-an lẹ ń wò. Àwọn ọmọdé Èkó ìgbà náà ti na ọwọ́ sí i lókè, kí àwọn ọmọ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí Boeing.

Owó wa náà wà níbẹ̀. Àwọn ìjọba amúnisìn dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nigeria Win the War Fund, àpò owó ìṣẹ́gun. Àwọn ọba dá, àwọn òṣìṣẹ́ dá. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n fi lé orí bàálù Spitfire kan nígbà yẹn, ìlú tó bá dá a pé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára bàálù. Àwọn kan nínú àwọn tó dáwó ò rí bàálù sójú nílẹ̀ rí kí wọ́n tó kú.

Ogun yẹn náà ló bí pápá bàálù Ìkejà. Ìgbà ogun Hítílà ni wọ́n la ibẹ̀, kó tó di pápákọ̀ tí a fi orúkọ Murtala Muhammed pè. Láti Maryland tó wà ní Kòsọ́fẹ́ níbí, ibẹ̀ ò jìnnà rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ibùdó àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà wà, tí wọ́n ń pè ní Sam Ethnan Air Force Base. Ibi iṣẹ́ ni, àwọn ológun ṣì ń lò ó lójoojúmọ́, kì í ṣe ibi tí èèyàn lè dédé yà sí pé òun wá wòran. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí ibi tó fara jọ Hendon jù ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìkejà ni mo máa nawọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láyìíká ibẹ̀. Ọdún 1964 ni òfin dá iléeṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn Jámánì ló wá kọ́ wa, ará Jámánì kan, Gerhard Kahtz, ló sì kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Ẹ ò rí ayé bí. Nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn tí Ọ̀gbẹ́ni Shenbanjo fò lórí ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú bọ́ǹbù, ni Jámánì wá ń kọ́ ọmọ Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ lọ́dún 1967, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà láti ta bàálù ogun fún wa, ìjọba bá yíjú sí Rọ́ṣíà àti Czechoslovakia. Ọ̀dọ̀ wọn ni MiG àti L-29 ti wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, bàálù èrò kan tí àwọn Bìáfúrà ti sọ di ajubọ́ǹbù bú gbàmù lójú ọ̀run Èkó lóru, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Àwọn àgbà tó wà l'Ékòó nígbà náà ṣì lè ròyìn ariwo òru ọjọ́ yẹn.

Ọmọ Yorùbá ni olórí àwọn ológun òfurufú nígbà tí ogun ń gbóná, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Àlàó. Ọmọ ogun tó ń fò fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀gá orí àga. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1969, òun nìkan ló wà nínú bàálù tó já lulẹ̀ nítòsí Uzebba, ní apá Benin. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ogun parí.

Ọdún náà gan-an ni àwọn Bìáfúrà ṣe ohun tí ẹnìkan ò retí. Ará Sweden kan, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ ọlọ́lá ni, bá wọn kó bàálù kéékèèké márùn-ún wá, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni ní wíwa bàálù. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lábẹ́ ìyẹ́, wọ́n sì ń fò ní ìsàlẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha orí igi. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1969, wọ́n já lu pápá bàálù Port Harcourt lójijì, wọ́n sì ba àwọn bàálù ìjọba jẹ́ nílẹ̀. Wọ́n lọ sí Benin àti Enugu pẹ̀lú. Biafra Babies ni wọ́n ń pè wọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí bàálù ogun yẹn ní Nàìjíríà, Umuahia lẹ máa lọ, sí National War Museum tí wọ́n ṣí lọ́dún 1985. Ìta gbangba ni wọ́n kó àwọn bàálù sí níbẹ̀, àti àwọn ọkọ̀ ogun tí Bìáfúrà fi ọwọ́ ara wọn rọ, àní ọkọ̀ ojú omi ogun kan, NNS Bonny, wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ wà ní Jìbówú, ẹ kàn máa tètè jí. Mo gbóríyìn fún àwọn tó kó o jọ. Àmọ́ ogun abẹ́lé yẹn ló gba ipò tó pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ogun tí a bá ara wa jà nìkan ni a máa fi irin rántí. Ó yẹ ká rántí Shenbanjo. Ó yẹ ká rántí Takoradi.

Ó yẹ ká rántí àwọn tí bàálù C-130 já pẹ̀lú wọn ní Èjìgbò náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, bàálù ológun yẹn gbéra ní Ìkejà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì já sínú omi. Ó ju 150 èèyàn lọ tó bá a lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọ́fíísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nídìí iṣẹ́. Ẹlòmíì tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò kan ní Kétu níbí lè jẹ́ opó ọ̀kan nínú wọn. Kí ni ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà fẹ́ fi mọ bàbá rẹ̀ ju fọ́tò lọ?

Irin bàálù kì í ṣe ohun tó wọ́n l'Ékòó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Àwọn bàálù tí àwọn iléeṣẹ́ tó ti kógbá wọlé fi sílẹ̀ pọ̀ ní Ìkejà láti ọdún pípẹ́, koríko hù bò wọ́n. Ẹ rántí ìgbà kan tí ará ìlú ṣàdédé rí ara bàálù lórí tírélà láàárín títì ní Ìkejà, tí gbogbo èèyàn yọ fóònù síta tí wọ́n ń ká a? Àwọn aláṣẹ pápákọ̀ ní ẹni tó rà á ló ń gbé e lọ. Alumíníọ́ọ̀mù tó dára ni. Tí wọ́n bá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ tán, tí wọ́n yọ́ ọ, ó lè di ìkòkò tí wọ́n fi ń se ìrẹsì níbi ayẹyẹ. N kò sì ní kí oníṣòwò má jẹun o. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú irin mẹ́wàá, ẹ jẹ́ ká fa ọ̀kan sẹ́yìn, pàápàá tó bá jẹ́ ti ológun.

A ò sì nílò gbọ̀ngàn onígíláàsì. Ẹ́ńjìnnì kan tó ti dòkú, lórí ṣìmẹ́ńtì, lábẹ́ páànù mẹ́fà, níbi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ti fọwọ́ kàn án; kí ẹni tó fi í ṣiṣẹ́ rí jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù, kó máa sọ bó ṣe ń dún. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun òfurufú wà láàárín wa, àwọn mẹkáníìkì wọn pàápàá, tí ọwọ́ wọn mọ C-130 bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ lè rí ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá sì ń wá ẹni tó máa yẹ irin wò, kó sọ èyí tó jẹ́ ti bàálù lóòótọ́ àti èyí tó jẹ́ ti tírélà, kí wọ́n má lọ sókè òkun. Kí wọ́n sọdá sí Òwódé Onírin, àwọn tó ń fi òòlù gbọ́ ohùn irin wà níbẹ̀.

Ní báyìí ná, iṣẹ́ kékeré kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ rí ní pápá bàálù Ìkejà, ìbáà jẹ́ alásè, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń da epo sínú bàálù, ẹ lọ gbé fọ́tò wọn sílẹ̀ lára ògiri, ẹ yí i padà, ẹ kọ orúkọ, iṣẹ́ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ ká gbọ́ ìtàn tirẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, kó pè wá, a máa gbà á sílẹ̀. Àwọn tó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún wọn pé Colindale ni kí wọ́n ti sọ̀, kí wọ́n béèrè Halifax tí wọn ò kùn. Kí wọ́n wọ kóòtù lọ o, gbọ̀ngàn ibẹ̀ máa ń tutù.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi láti Àgbóyì lọ sí Kétu la máa gbé yẹ̀wò. Ìròyìn ló kàn báyìí.